Ẹ̀rù Omi Tí Mo Jogún: Bí Mo Ṣe Wa Ọkọ̀ Nínú Kánáàlì Lọ́ńdọ̀nù

Àwọn àgbà ní abéèrè kì í ṣìnà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n nígbà tó bá jẹ́ pé ọmọ ọmọ ẹni, ọmọ ọdún mọ́kànlá, ni ó yẹ kí ènìyàn béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ rẹ̀ ńkọ́? Ohun tó dé bá mi nìyẹn ní oṣù Keje ọdún 2023, nígbà tí mo lọ kí ọmọbìnrin mi ní Lọ́ńdọ̀nù.

Kí n tó sọ ti Lọ́ńdọ̀nù, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ilé. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni mí. Ìyá tó bí ìyá mi a máa ná ọjà Èjìnrìn létí ọ̀sà, láyé ìgbà tí ọjà náà gbóná, tí àwọn oníṣòwò ń fi ọkọ̀ àjẹ̀ kó ẹrù láti ibẹ̀ lọ sí Èkó. Ní ọjọ́ kan, bí wọ́n ti ń ti Èkó bọ̀, ìjì ká wọn mọ́ ojú ọ̀sà, ọkọ̀ sì dojú dé. Akèrègbè òfìfo kan ni ìyá àgbà dì mọ́ títí àwọn apẹja fi wá yọ ọ́. Àbúrò rẹ̀ tí wọ́n jọ lọ kò padà wálé. Láti ọjọ́ náà ni ìyá àgbà ti ṣòfin pé ọmọ òun kan, tàbí ọmọ ọmọ òun kan, kò gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ kan ọkọ̀ ojú omi mọ́.

Ìyá mi pa òfin náà mọ́, èmi náà sì pa á mọ́. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe tíṣà. Bí mo bá ń ti Erékùṣù Èkó lọ sí Ìkòròdú, ó tẹ́ mi lọ́rùn kí n jókòó wákàtí mẹ́ta nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ju kí n wọ ọkọ̀ ojú omi lọ. Èmi kò sì mọ bí a ti ń lúwẹ̀ẹ́. Ta ni ìbá kọ́ mi?

Ìbejì ni ọmọbìnrin mi bí. Táyé jẹ́ obìnrin, Kẹ́hìndé jẹ́ ọkùnrin. Ilé-ìwé ni wọ́n ti kọ́ wọn ní ìlúwẹ̀ẹ́, nítorí pé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ó wà nínú ètò ẹ̀kọ́ ìjọba pé kí ọmọ tó parí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kí ó lè lúwẹ̀ẹ́ tó mítà 25 ó kéré tán. Ọ̀sẹ̀ kejì tí mo débẹ̀ ni wọ́n wá bá mi: “Bàbá àgbà, ẹ jẹ́ ká lọ háyà ọkọ̀ ní kánáàlì.” Mo ní rárá. Mo sọ ìtàn ìyá àgbà fún wọn, mo sì fi kún un pé omi kì í ṣe ohun eré.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, mo gbọ́ tí Táyé ń sọ fún ìyá rẹ̀ ní yàrá kejì pé òun kò lọ síbi ìlúwẹ̀ẹ́ mọ́ lọ́jọ́ Sátidé, nítorí Bàbá àgbà sọ pé omi ń pa ìdílé wa. Oorun dá lójú mi. Ọmọ tó mọ ohun tí èmi kò mọ̀ ni mo fẹ́ bà lẹ́rù kí ó pa ìmọ̀ rẹ̀ tì! Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo pè wọ́n, mo ní kí wọ́n múra, ká lọ.

ODÒ TÍ ỌWỌ́ GBẸ́

Regent's Canal ni orúkọ kánáàlì tí a lọ. Kì í ṣe odò tí Ọlọ́run dá, ọwọ́ ènìyàn ni ó gbẹ́ ẹ. Ọdún 1812 ni ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin fún wọn láṣẹ, ọdún 1820 ni wọ́n sì gbẹ́ ẹ parí, wọ́n sọ ọ́ ní orúkọ ọmọ ọba tó ń ṣe adelé fún bàbá rẹ̀ nígbà náà. Ó bẹ̀rẹ̀ láti Paddington ní ìwọ̀-oòrùn, ó yí apá àríwá ìlú ká, ó sì já sí Limehouse létí odò Thames. Gígùn rẹ̀ lé díẹ̀ ní máìlì mẹ́jọ àtààbọ̀.

Òwò ni wọ́n torí rẹ̀ gbẹ́ ẹ. Èédú, igi, òkúta àti oúnjẹ ni ọkọ̀ ń kó gba ibẹ̀. Ẹṣin ni ń fa ọkọ̀ láti ọ̀nà ẹsẹ̀ tó wà létí omi. Lórí omi, ẹṣin kan ṣoṣo lè fa ẹrù tó tọ́ọ̀nù 30, èyí tí kò tilẹ̀ lè mì bí a bá kó o sórí ọmọlanke. Oníṣòwò kan tó ń jẹ́ Carlo Gatti tilẹ̀ ń kó yìnyín láti ilẹ̀ Norway wá. Ọkọ̀ òkun á gbé e dé Limehouse, ọkọ̀ kánáàlì á gbé e dé ẹ̀bá King's Cross, wọn á sì rọ́ ọ sínú kòtò jíjìn lábẹ́ ilé kí ó má baà yọ́, kí wọ́n lè tà á fún àwọn tó ń ṣe oúnjẹ tútù. Ilé náà ṣì wà. Ó ti di ibi ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí fún ìtàn kánáàlì. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin àti ọkọ̀ ẹrù orí títì gba òwò lọ́wọ́ kánáàlì, iṣẹ́ rẹ̀ dínkù títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán ní nǹkan bí ọdún 1970. Lónìí, afẹ́ ni ọ̀pọ̀ ń bá lọ síbẹ̀. Àwọn mìíràn sì ń gbé inú ọkọ̀ gígùn tóóró bí ẹni ń gbé ilé.

Láti Camden lọ sí Limehouse, ìlẹ̀kùn omi 12 ló wà tí ń gbé ọkọ̀ sọ̀kalẹ̀ bí àtẹ̀gùn. Ṣùgbọ́n láti Camden lọ sí ìhà Paddington, omi náà tẹ́ pẹrẹsẹ, kò sí ìlẹ̀kùn kankan. Ìhà ibẹ̀ ni ó yẹ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ náà sì ni a gbà.

MO DI ỌMỌ ILÉ-ÌWÉ

Níbi tí a ti háyà ọkọ̀, ọmọbìnrin òyìnbó kan tí kò lè ju ọmọ ọdún méjìlélógún lọ ni olùkọ́ wa. Kí ó tó jẹ́ ká sún mọ́ omi, ó gbé ẹ̀wù agbẹ̀mílà wọ̀ mí, ó dè é, ó sì fà á sókè ní èjìká láti wò ó bóyá yóò bọ́. Ẹ̀wù náà fúyẹ́, ó sì wú. Mo rántí akèrègbè ìyá àgbà. Mo ní nínú ọkàn mi pé akèrègbè náà nìyí, wọ́n kàn rán an ní ẹ̀wù ni.

Ó béèrè bóyá mo mọ̀ ọ́n lúwẹ̀ẹ́. Ojú tì mí láti dáhùn níwájú àwọn ọmọ, ṣùgbọ́n mo sọ òótọ́. Kò fi mí rẹ́rìn-ín. Ó ní kò burú, òun yóò máa wa ọkọ̀ tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Ó tún sọ fún mi pé ní ọ̀pọ̀ ibi, omi kánáàlì náà kò ju ìwọ̀n àyà àgbàlagbà lọ. Èyí fi mí lọ́kàn balẹ̀ ju ìwàásù lọ.

Ẹ̀kọ́ tó kọ́ wa rèé. Bí ẹ bá ń wọ ọkọ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ fi ẹsẹ̀ tẹ àárín gbùngbùn. Bí ẹ bá ti jókòó, ẹ má dìde mọ́. Ẹ má di etí ọkọ̀ mú, nítorí ẹni tó bá di etí ọkọ̀ mú yóò gbé gbogbo ìwọ̀n ara rẹ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ọwọ́ kan wà lórí àjẹ̀, ọwọ́ kejì ní ìsàlẹ̀ nítòsí abẹ rẹ̀. Bí ẹ bá wa omi ní ọ̀tún, imú ọkọ̀ yóò yà sí òsì. Apá ọ̀tún ni kí ẹ tọ̀ bí ọkọ̀ mìíràn bá ń bọ̀. Bí ẹ bá ṣubú, ẹ di ọkọ̀ mú. Ẹni tó bá sì ní egbò, kí ó fi báńdéèjì bò ó, kí gbogbo wa sì fọwọ́ kí a tó jẹun, nítorí ìtọ̀ eku inú omi bẹ́ẹ̀ a máa fa àìsàn líle.

Táyé jókòó síwájú, Kẹ́hìndé jókòó sẹ́yìn láti máa tọ́ ọkọ̀, wọ́n fi èmi sí àárín. Mo rẹ́rìn-ín. Bí àwa Yorùbá ti mọ̀ ọ́n náà nìyẹn: Táyé ló kọ́kọ́ ń tọ́ ayé wò, Kẹ́hìndé ẹ̀gbọ́n ń bọ̀ lẹ́yìn. Ìyá wọn kò wọ ọkọ̀, ó ń fẹsẹ̀ rìn tẹ̀lé wa létí omi.

A kò tíì rìn jìnnà tí ọkọ̀ gígùn kan fi yọ lọ́ọ̀ọ́kán. Kò sáré, nítorí òfin kò gbà kí ọkọ̀ ju máìlì mẹ́rin lọ ní wákàtí kan níbẹ̀. Lójú mi, ńṣe ni ó ń bọ̀ bí ọkọ̀ ojú irin. Ẹ̀rù bà mí, mo fẹ́ dìde kí n fo sí etí omi. Ọkọ̀ wa fì sí ẹ̀gbẹ́, omi ta sí wa lára. Kẹ́hìndé pariwo: “Bàbá àgbà, ẹ jókòó!”

Mo jókòó. Ọkọ̀ dúró jẹ́ẹ́. Ìyá rẹ̀ kígbe láti òkè pé, “Kẹ́hìndé! Ṣé àgbà lò ń pariwo mọ́ bẹ́ẹ̀?” Mo ní kí ó fi í sílẹ̀. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Bí ọmọ náà bá ti kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ kí ó tó sọ̀rọ̀, inú omi ni ìbá ti bá mi.

Lẹ́yìn èyí ni mo tó gba àjẹ̀. Bí ẹní ń kọ ebè ni mo ṣe kọ́kọ́ ń gbá omi, a sì forí sọ ògiri lẹ́ẹ̀mejì. Olùkọ́ wa ní kí n má wo omi mọ́, kí n máa wo iwájú réré. Bí mo ti gbójú sókè, ọkọ̀ tọ́.

ẸDUN ÀTI AFÁRÁ

Kánáàlì náà gba àárín ọgbà ẹranko Lọ́ńdọ̀nù kọjá. Ní apá ọ̀tún wa, mo rí àwọ̀n gíga kan tó ta bí àgọ́. Ọdún 1965 ni wọ́n ṣí i fún àwọn ẹyẹ, ṣùgbọ́n láti ọdún 2022, àwọn ọ̀bọ dúdú-òun-funfun onírù gígùn ni ó ń gbé inú rẹ̀. Mo wò ó títí. Ẹdun mà ni! Ẹdun tí àwa Yorùbá so pọ̀ mọ́ ìbejì. Mo fi hàn wọ́n, mo sọ ìdí rẹ̀ tí a fi ń ki ìbejì mọ́ ẹdun. Títí di ìgbà náà, àwọn ni olùkọ́, èmi ni akẹ́kọ̀ọ́. Ní ibi tí a dé yìí, ọ̀rọ̀ yí padà, ara tù mí.

Kò pẹ́ sí ibẹ̀ ni a dé afárá Macclesfield, tí àwọn ará ìlú ń pè ní afárá tó bú gbàmù. Ní ìdájí ọjọ́ kejì oṣù Kẹwàá ọdún 1874, ọkọ̀ kan tó ń jẹ́ Tilbury ń kọjá lábẹ́ rẹ̀. Ó kó ẹ̀tù tó tọ́ọ̀nù márùn-ún pọ̀ mọ́ epo pẹtiróòlù. Iná ràn, ọkọ̀ bú gbàmù, afárá wó, àwọn mẹ́ta tó wà nínú ọkọ̀ sì kú. Nígbà tí wọ́n tún afárá kọ́, wọ́n lo àwọn òpó irin àtijọ́, ṣùgbọ́n wọ́n yí wọn padà. Nítorí náà ni ojú tí okùn ẹṣin gé sí ara òpó fi wà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì títí dòní. Mo na ọwọ́ sí òpó kan bí a ti ń kọjá, ojú gígé náà jinlẹ̀. Okùn lásán ló gé irin!

Mo ronú nípa àwọn mẹ́ta náà, mo sì ronú nípa àbúrò ìyá àgbà. Lẹ́yìn jàm̀bá afárá, àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù kò dí kánáàlì pa. Wọ́n tún afárá kọ́, ọkọ̀ sì ń kọjá. Ọdún kan lẹ́yìn náà, ìjọba ṣe òfin tuntun lórí bí a ti í kó ẹ̀tù àti ohun tí ń bú. Ní ilé wa, ohun tí a ṣe ni pé a sá fún omi, a kò sì kọ́ ohunkóhun. Èmi kò bá ìyá àgbà wí. Ọgbẹ́ rẹ̀ ló sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n òfin tó ní “má dé ibẹ̀”, tí kò ní “bí a ti ń ṣe é nìyí”, kò dáàbò bo ẹnikẹ́ni. Ẹni tí kò mọ ìlúwẹ̀ẹ́ lè dé etí omi lọ́jọ́ tí kò rò tẹ́lẹ̀.

Lábẹ́ afárá náà ni a ti yí padà. Èmi ni mo jókòó síwájú nígbà tí a ń bọ̀, a kò sì forí sọ ògiri mọ́.

Ẹ̀yin oníṣòwò tí ń wọ ọkọ̀ ní Ẹ̀búté Ẹ̀rò, Ìkòròdú, Ẹ̀pẹ́ tàbí Àgbádárìgì, mo bẹ̀ yín: ẹ má wọ ọkọ̀ tí ẹrù àti èrò bá pọ̀ jù, ẹ má rin omi lóru, ẹ wọ ẹ̀wù agbẹ̀mílà kí ẹ sì dè é. Ẹ̀wù tí a jókòó lé kò gba ẹnikẹ́ni là rí. Ẹ̀yin tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi, bí ibi tí a ti lè kọ́ ọmọ ní ìlúwẹ̀ẹ́ bá wà nítòsí yín, ẹ bá àwọn òbí sọ̀rọ̀.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, Táyé lọ síbi ìlúwẹ̀ẹ́. Èmi náà bá a lọ. Ibi tí omi kò kọjá ìdí mi ni wọ́n fi mí sí, pẹ̀lú àwọn ọmọ kéékèèké. Kí n tó padà wálé, mo lè fi ara mi lé omi kí n má rì. Ìyẹn nìkan ni mo tíì mọ̀, ṣùgbọ́n ó ju ohun tí ẹnikẹ́ni nínú ilé wa mọ̀ láti ọjọ́ Èjìnrìn lọ. Nígbà tí mo dé Ìjẹ̀bú, mo pe ẹbí jọ, mo sọ ìtàn àbúrò ìyá àgbà fún wọn bí mo ti máa ń sọ ọ́. Lẹ́yìn náà, mo béèrè pé ta ni yóò bá mi lọ kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́. Ọmọ mẹ́rin ló nawọ́.