Idà kò kan ẹnikẹ́ni, iná tàn, ni wọ́n bá ní ọmọ náà lo oògùn

Ọmọ ọdún 15 ni wọ́n pè ní olóògùn lójú ìyá ẹ̀, lọ́jọ́ Sátidé kan nínú oṣù kọkànlá ọdún 2023, nílé-ẹ̀kọ́ aládàáni kan ní Àkúrẹ́. Kì í ṣe bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń gbá, kì í sì í ṣe ẹ̀ṣẹ́ ni wọ́n ń kàn. Idà ni wọ́n fi ń jà. Ẹ má jáyà o, idà yẹn kì í gé èèyàn. Eré ìdárayá tí àwọn òyìnbó ń pè ní fencing ni, ó ti wà nínú ìdíje Olympics láti ọdún 1896, àwọn tó ń ṣe é sì wà ní Nàìjíríà níbí náà.

Ojú làwọn adájọ́ fi ń wò ó láyé àtijọ́, ariwo kì í sì í tán níbẹ̀. Ẹni tí wọ́n gún á ní wọn ò gún òun. Ìdí nìyí tí wọ́n fi gbé iná mànàmáná wọ inú idà tí wọ́n ń pè ní épée, tí wọ́n sì lò ó ní Olympics ọdún 1936 ní Berlin. Wáyà méjì tín-ín-rín ló gba ara irin náà dé ṣóńṣó orí ẹ̀, níbi tí sípíríǹgì kékeré kan wà. Bí orí idà bá kan èèyàn, sípíríǹgì á wọlé, wáyà méjèèjì á pàdé, gílóòbù á sì tàn lára àpótí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá. Wáyà kẹta wà fún irin tó rí bí abọ́ tó bo ọwọ́, kí iná má baà tàn tí idà bá lọ kan irin yẹn. Ẹni tó ń jà á tún ki okùn wáyà kan sínú apá aṣọ ẹ̀, orí kan á wọ inú idà, èkejì á gba ẹ̀yìn jáde lọ sí àpótí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé okùn yẹn.

Tíṣà tó ń kọ́ àwọn ọmọ náà, ọmọ Oǹdó ni. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ tó wà ní London ló kó idà àlòkù mẹ́rin àti àpótí kan ránṣẹ́ sí i. Lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn wá bá wọn jà. Ọmọ wa ti gún ẹnìkejì ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó ku mẹ́ta kó borí, ni iná ẹ̀ bá ṣàdédé tàn nígbà tí ẹni tó ń bá a jà ṣì wà lókèèrè. Wọ́n ní kó máa bọ̀. Iná tún tàn. Wọ́n bá gba idà lọ́wọ́ ẹ̀, wọ́n fún un ní òmíràn. Kò pẹ́, iná tún tàn!

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti bàjẹ́. Tíṣà àwọn àlejò pariwo pé irú jìbìtì yìí ti ṣẹlẹ̀ ní Montreal. Àwọn òbí kan ní kì í ṣe jìbìtì, oògùn ni, àbí wọn ò ti pààrọ̀ idà ni? Ọwọ́ ọmọ yẹn gan-an ni nǹkan wà. Ẹnìkan tilẹ̀ ní kó fi ahọ́n kan irin idà, kó fi Ògún búra. Ìyá ọmọ náà, tó ń ta èlùbọ́ ní Ọjà Ọba, ló tú gèlè orí ẹ̀, ó fi gbàjá.

Ó ní, "Ọmọ mi ò ní fi ahọ́n kan nǹkan kan! Ẹ̀yin tíṣà, ẹ̀yin lẹ ní kí n jẹ́ kó wá. Kí ni kí n sọ fún bàbá ẹ̀ nílé?"

Tíṣà ò rí èsì fọ̀. Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, àwọn ọmọ àdúgbò ti ń pe ọmọ náà ní "Babaláwo." Ó ní òun ò ṣe mọ́.

Ọ̀rọ̀ Montreal yẹn, òótọ́ ni. Ní Olympics ọdún 1976, níbi ìdíje pentathlon, iná Boris Onishchenko, ọmọ ilẹ̀ Soviet tó ti gba góòlù pẹ̀lú ẹgbẹ́ ẹ̀ ní Munich lọ́dún 1972, tàn nígbà tí idà ẹ̀ ò kan Jim Fox ọmọ Gẹ̀ẹ́sì. Fox figbe ta. Wọ́n gba idà náà lọ yẹ̀ wò, wọ́n jẹ́ kí Onishchenko máa fi òmíràn jà. Àṣé ó ti fi súìṣì pamọ́ sídìí idà, tó bá ti tẹ̀ ẹ́, iná á tàn. Wọ́n lé e kúrò, àwọn ará Britain ló sì gba góòlù ẹgbẹ́. (Àwọn eléré ìdárayá Nàìjíríà ò sí níbẹ̀, ìjọba ti ní kí wọ́n máa bọ̀ nílé nítorí ọ̀rọ̀ New Zealand àti South Africa.) Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wò ó dáadáa. Inú idà ni wọ́n ti rí àrékérekè tiẹ̀. Ti Àkúrẹ́ yìí, wọ́n pààrọ̀ idà, iná ò yéé tàn. Èyí tí gbogbo èèyàn fi ń sọ pé ọmọ náà jẹ̀bi gan-an ló yẹ kó gbà á sílẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, tíṣà kó ẹrù sínú báàgì, ó wọ mọ́tò, ó gba Ọ̀wẹnà lọ sí Oǹdó, lọ́dọ̀ àbúrò bàbá ẹ̀ tó ti ń tún rédíò ṣe láti ìgbà tí òun fúnra ẹ̀ ti wà lọ́mọdé. Baba ò rí irú idà bẹ́ẹ̀ rí. Ó yí i síwá sẹ́yìn.

"Kí lẹ pààrọ̀?"

"Idà ni, sà."

"Iná ṣì tàn?"

"Ó ṣì tàn, sà."

"Kí lẹ ò wá pààrọ̀?"

Tíṣà ronú díẹ̀. "Okùn tó wà lára ẹ̀."

"O ṣe wá gbé idà síwájú mi, tó o fi okùn sílẹ̀ nínú báàgì?"

Síbẹ̀, baba ní idà làwọn máa kọ́kọ́ yẹ̀ wò, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé àwọn fo nǹkan kan. Ó gbé mítà ẹ̀ síbi tó máa ń dún tí wáyà bá pàdé, ó fi kan ojú ihò méjèèjì. Kò dún. Ó tẹ orí idà, ó dún píìì. Tíṣà ní òfin ni pé sípíríǹgì náà gbọ́dọ̀ lágbára tó láti ti ìwọ̀n 750 gíráàmù padà sókè, ìyẹn bí ìwúwo omi inú ìgò 75cl. Wọ́n yá òṣùwọ̀n lọ́wọ́ obìnrin tó ń ṣe kéèkì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù, wọ́n fi orí idà tẹ̀ ẹ́. Ó kọjá 800 kó tó dún, bí wọ́n sì ṣe ń dẹ ọwọ́, ó dákẹ́ kó tó sọ̀kalẹ̀ dé 750. Idà ò lẹ́bi.

Ó wá kan okùn. Wáyà mẹ́ta ló wà nínú ẹ̀, ẹnu tó wọ inú idà sì ní igi mẹ́ta tí àlàfo wọn ò dọ́gba, 15 mílímítà níhìn-ín, 20 lọ́hùn-ún, kí èèyàn má baà kì í bọ̀ ọ́ sódì. Baba wọn wáyà kọ̀ọ̀kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò sí èyí tó dé ohm kan. Ó dára. Ó fi mítà sáàárín wáyà kan sí èkejì. Kẹ́kẹ́ pa. Òógùn bẹ̀rẹ̀ sí í bo tíṣà. Bí idà ò bá bàjẹ́, tí okùn ò bàjẹ́, kí ló kù?

Baba rẹ́rìn-ín. "Ṣé bí igi ni ọmọ yẹn ṣe ń dúró jà ni?" Ó di okùn mú níbi ọrùn ẹnu tó ń wọ inú idà, ó tẹ̀ ẹ́ bí ìgbà tí ọwọ́ bá ṣẹ́. Píìì! Ó nà án, ó dákẹ́. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Píìì!

Wọ́n tú ẹnu náà. Irun wáyà kan ṣoṣo, tí kò nípọn ju irun orí lọ, ló yọ jáde lábẹ́ síkúrù, tó ń lọ kan ti ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ nígbàkigbà tí ọmọ náà bá ṣẹ́ ọwọ́. Lójú àpótí, kò yàtọ̀ sí pé orí idà ti kan èèyàn.

Baba béèrè pé, "Ta ló so èyí?"

Tíṣà ò dáhùn. Alẹ́ Tọ́sìdeè tó ṣáájú ìjà ni okùn náà já lọ́wọ́ ẹ̀. Kò sí iná lálẹ́ ọjọ́ náà, ó fi tọ́ọ̀ṣì sẹ́nu, ó fi ọ̀bẹ bó wáyà, ó so ó, kò sì yẹ̀ ẹ́ wò mọ́ kó tó fún ọmọ ọlọ́mọ.

Lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó yá mítà baba, ó mú irun wáyà yẹn padà sípò tó wà kí ìdí ọ̀rọ̀ lè hàn, ó sì ránṣẹ́ pe gbogbo wọn. Tíṣà kejì fi ọwọ́ ara ẹ̀ tẹ okùn náà, ó gbọ́ bó ṣe ń dún. Ó ní àforíjì, ṣùgbọ́n ẹnu ẹ̀ ò ya dáadáa. Ìyá ọmọ náà ò wo tiẹ̀.

"Ta ló so wáyà yẹn?"

"Èmi ni, màmá. Ẹ má bínú."

Ìyá wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Ó ní kó gbé mítà náà wá. Ó tẹ okùn, ó dún. Ó nà án, ó dákẹ́. Ó tún tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, ó dún. Ó da okùn náà sí tíṣà lọ́wọ́, ó ní kó lọ tún un so lójú òun. Nígbà tó ṣe tán, tí mítà ò dún mọ́ bó ti wù kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ tó, ló tó mú ìbojú irin ọmọ ẹ̀ nílẹ̀, ó nù ún, ó sì nà án sí i.

Ọmọ náà fìdí rẹmi lọ́jọ́ náà o, 5 sí 4.