Ta Ni Yóò Ròyìn Sinimá Fún Wa?

Lójoojúmọ́ ni àwọn kọ̀ńdọ́ ń ké orúkọ Pen Cinema ní Agége. Èrò ń wọlé, èrò ń sọ̀ kalẹ̀, afárá ńlá tí wọ́n ṣí síbẹ̀ ní 2021 náà ń jẹ́ orúkọ yẹn. Sinimá tó ni orúkọ ti lọ. Ní Ìbàdàn, ẹ dárúkọ Scala, Odeon, Rex àti Queens létí àgbàlagbà, kí ẹ sì wo bí ojú rẹ̀ yóò ti yí padà. Káàkiri ilẹ̀ wa, ilé sinimá mìíràn ti di ṣọ́ọ̀ṣì, òmíràn ti di ilé ìkẹ́rù, òmíràn wó, kò sí ẹni tó tún un kọ́. Ilé ló kéré jù nínú ohun tí mo ń sunkún rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó máa ń tinú àwọn ilé wọ̀nyẹn jáde ni mò ń ṣarò rẹ̀, ọ̀rọ̀ tó máa ń bá èèyàn délé, dé ọjà, dé oko: ẹni tó ti wo sinimá, tó jókòó, tó ń ròyìn rẹ̀ fún ẹni tí kò rí i wò.

Ẹni tí kò bá ìgbà náà yóò rò pé ohun kékeré ni. Ní 1976 ni Àjàní Ògún jáde. Ọlá Balógun ló darí rẹ̀, Adéyẹmí Afọláyan tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Adé Love ló ṣe ọdẹ tó ń bá olóṣèlú du ilẹ̀ bàbá rẹ̀. Òun ni fíìmù gígùn àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe ní èdè Yorùbá. Ní 1979, àwọn méjèèjì tún gbé Ìjà Òmìnira jáde láti inú Ọmọ Olókùn-Ẹṣin, ìwé Adébáyọ̀ Fálétí. Hubert Ògúńdé gbé Ayé jáde, ó sì fi Jáiyésinmi tẹ̀ lé e ní 1980. Ẹni tó ni fíìmù ló máa ń gbé e rìn fúnra rẹ̀: róòlù nínú agolo pẹrẹsẹ, ẹ̀rọ tó ń tan àwòrán sára aṣọ funfun, jẹnẹrétọ̀, àti ọkọ̀ tí gbohùngbohùn wà lórí rẹ̀. Ẹ̀dà kò pọ̀, nítorí owó òkèèrè ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́. Wọ́n á fi hàn ní gbọ̀ngàn ìlú tàbí ti ilé ẹ̀kọ́ lálẹ́ ọjọ́ kan tàbí méjì, ilẹ̀ á mọ́, wọ́n á ti kọjá sí ìlú mìíràn. Ẹni tí kò rówó san, ẹni tó sùn sóko, abiyamọ tí ara ọmọ rẹ̀ ò yá, ẹnu ẹni tó lọ ni gbogbo wọn gbójú lé.

Ẹnu náà kì í sì í já wọn kulẹ̀. Ẹni tó wo Ayé lálẹ́ Sátidé kò ní ráyè ara rẹ̀ títí Àìkú yóò fi lọ. Yóò dìde dúró láàárín agbo, yóò di Oṣẹ́túrá, babaláwo tí Ògúńdé ṣe, yóò ki ọfọ̀ náà dé ibi tó bá rántí dé. Yóò di àjẹ́, yóò fapá ṣe ìyẹ́. Yóò sọ ohun tí àwọn èrò ìwòran ń pariwo nínú òkùnkùn: "Wo ẹ̀yìn rẹ! Wọ́n ń bọ̀ o!" Bó bá dé ibi tó burú, yóò dákẹ́ láti mu omi, àwọn ọmọdé á sì máa bẹ̀ ẹ́ pé kó má dá a dúró síbẹ̀. Èmi fúnra mi gbọ́ Ayé kí n tó mọ ohun tí sinimá jẹ́. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi kan ló ròyìn rẹ̀ fún wa, mo sì bẹ̀rù òru fún ìgbà pípẹ́ nítorí àwòrán tí ojú mi kò rí.

Àwọn tó ń sọ̀rọ̀ nípa sinimá nígbà náà mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Èyí ni mo fẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ gbọ́, nítorí àwa náà kò tètè mọ iye rẹ̀. Ọdẹ tó wo Àjàní Ògún yóò sọ fún ọ bóyá bí wọ́n ṣe gbé ìbọn lé èjìká tọ̀nà. Aláṣọ yóò sọ pé òfì gidi ni ọba yẹn wọ̀, tàbí pé ayédèrú ni. Àgbà tó mọ ọfọ̀ yóò sọ ibi tí òṣèré ti fo ìlà kan, yóò sì sọ pé ó mọ̀ọ́mọ̀ fò ó ni, pé irú rẹ̀ kì í ṣe ohun à ń pè tán ní gbangba. Onílù yóò mọ ohun tí dùndún ń sọ lábẹ́ ọ̀rọ̀. Wọ́n ti ń wo àwọn òṣèré wọ̀nyí lórí ìtàgé láti ọjọ́ pípẹ́, wọ́n mọ ẹni tó mọ ijó àti ẹni tó ń fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀ lásán. Bí irú wọn bá sọ fún ọ pé, "Bó bá jẹ́ aṣọ kan lo ní, tà á, kí o lọ wò ó," wàá tà á. Bí wọ́n bá ní, "Má dáwọ́ lé e," àpò rẹ balẹ̀ nìyẹn. Ìdájọ́ wọn wúwo nítorí owó oúnjẹ ni ẹlòmíràn fi ń ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Báwo ló ṣe bàjẹ́? Owó epo rọ̀bì já wálẹ̀ lọ́jà àgbáyé, owó wa bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀. Ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí ìjọba gbé dé ní 1986 tún já náírà lulẹ̀. Òkèèrè ni wọ́n ti ń ra fíìmù tútù, ọ̀pọ̀ ló sì jẹ́ pé Lọ́ńdọ́nù ni wọ́n ti ń fọ̀ ọ́. Olè gba ìgboro lálẹ́, ẹni tó ní ẹbí kò fẹ́ jáde mọ́. Kò tán síbẹ̀, olè tún wọ inú iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀. Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀, Bàbá Sàlá wa, yáwó láti fi ṣe Ọ̀run Móoru ní 1982. Àwọn kan jí i tẹ̀ sínú kásẹ́ẹ̀tì fídíò, wọ́n tà á káàkiri, àwọn ènìyàn sì jókòó sílé wò ó. Gbèsè bo ọkùnrin tó pa gbogbo ilẹ̀ Yorùbá lẹ́rìn-ín mọ́lẹ̀. Ó pẹ́ láyé lẹ́yìn ìyẹn, 2018 ló tó kú, àmọ́ iṣẹ́ rẹ̀ kò dé ibi tí ì bá dé mọ́.

Fídíò dé, ó sì ṣe tiẹ̀. Kò ní jẹ́ òótọ́ bí mo bá ní kò níyì: Túndé Kèlání gbé Ó Le Kú jáde ní 1997, ó gbé Ṣaworoidẹ jáde ní 1999, gbogbo ènìyàn ló sì ń sọ ọ́ láti ọ́fíìsì dé ibùdókọ̀. Ìgbà yẹn, ilé ẹni tó ní fídíò ṣì ń kún fún aládùúgbò. Ṣùgbọ́n àwọn fíìmù àtijọ́ ti ń kú lọ nínú agolo wọn. Irú fíìmù yẹn kò fẹ́ ooru, kò fẹ́ ọ̀rinrin, iná mànàmáná tí yóò mú yàrá tutù fún un kò sì dúró lọ́dọ̀ wa. Yóò bẹ̀rẹ̀ sí í rùn bí ọtí kíkan. Yóò sún kì, yóò ká, yóò lẹ̀ mọ́ra. Àwọ̀ rẹ̀ kì í lọ lẹ́ẹ̀kan náà: àwọ̀ ojú ọ̀run ló máa ń kọ́kọ́ ṣá, títí gbogbo ènìyàn inú rẹ̀, igi, odò, aṣọ ọba, yóò fi di pupa. Lẹ́yìn náà ni pupa náà yóò lọ. Nínú èyí tí a ṣì ń rí, ọ̀pọ̀ jẹ́ ẹ̀dà tí wọ́n tẹ̀ láti ara ẹ̀dà, ojú àwọn òṣèré ti ṣú, ohùn wọn ti fọ́.

Ohun tó wá kù fún wa ni ìròyìn tí àwọn tó wò ó mú délé. Mo jókòó láàárín àgbà méjì láìpẹ́ yìí, ọkọ àti aya, tí wọ́n jọ wo Ayé àti Jáiyésinmi nígbà tí wọ́n ń fẹ́ra wọn sọ́nà. Màmá ní inú Ayé ni wọ́n ti ṣẹ́gun obìnrin kan báyìí. Bàbá ní rárá, inú Jáiyésinmi ni, pé òun rántí odò tó wà níbẹ̀. Wọ́n jiyàn títí ohùn wọn fi rọ̀. Kò sí ẹ̀dà tó mọ́ níbi tí a wà láti fi là wọ́n níjà. Bí ọ̀kan nínú wọn bá lọ, èkejì ló jàre, òtítọ́ fíìmù náà á sì wá di ohun tí ẹnì kan ṣoṣo rántí. Mo fẹ́ sunkún níbẹ̀.

Àwọn ọmọ wa náà ń sọ̀rọ̀ nípa fíìmù, wọ́n tilẹ̀ ń sọ ọ́ jù wá lọ. Wọ́n á ní, "Ẹ wò ó, ó dùn gan-an," wọ́n á fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́, ó parí. Kò sí ohun tó kàn wọ́n láti ròyìn rẹ̀, nítorí ẹni tí wọ́n sọ ọ́ fún lè wò ó lórí fóònù rẹ̀ ní ìṣẹ́jú náà, ní òun nìkan, ohun ìgbọ́rọ̀ nínú etí. Bí o bá sì fẹ́ sọ bó ṣe parí, wọ́n á pariwo lé ọ lórí pé o fẹ́ ba tàwọn jẹ́. Ohun tó jẹ́ ẹ̀bùn lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n ìyá mi ti di ẹ̀ṣẹ̀. Mi ò bá wọn wí, mo kàn mọ̀ pé ọmọ tí a kò ròyìn fún rí kò ní mọ bí a ṣe ń ròyìn, àti pé ọjọ́ tí ohun tí wọ́n ń wò lónìí bá kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kò ní sí ẹnu kankan tó gbé e pa mọ́.

Dúró Ládípọ̀, àgbà òṣèré ìtàgé, lọ ní 1978. Ògúńdé lọ ní 1990, Adé Love tẹ̀ lé e ní 1996, Fálétí lọ ní 2017. Ọmọ ogún ọdún tó wo Àjàní Ògún nígbà tó jáde ti tó nǹkan bí ẹni àádọ́rin ọdún. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì dákẹ́ fún wa. Ohùn wo ni Dúró Ládípọ̀ fi sọ̀rọ̀ nígbà tó yọ lójú aṣọ funfun yẹn? Kí ni àwọn obìnrin ń ké ní ẹ̀yìn gbọ̀ngàn? Nígbà tí ọmọ olókùn-ẹṣin ní òun kò sìn mọ́, ṣé àwọn èrò dìde ni, àbí wọ́n jókòó? Ẹ sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ sọ ọ́ dé òpin, kò sí ẹni tí yóò ní ẹ ba tòun jẹ́.