Rumun Ndur, Adẹ́yìnmú Orí Yìnyín

Bí ẹnìkan bá sọ ní ibùdókọ̀ Ore pé yìnyín ni àwọn kan fi ń jẹun, àwọn tí ń ta omi tútù àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò fún arìnrìn-àjò ni yóò kọ́kọ́ wá sí ọkàn àwọn olùgbọ́. Síbẹ̀, ọmọ tí wọ́n bí sí ilẹ̀ Nàìjíríà ti fi eré orí yìnyín ṣe iṣẹ́ rí. Rumun Ndur ni orúkọ rẹ̀. Zaria ni wọ́n bí i sí ní ọjọ́ 7, oṣù Keje, ọdún 1975. Òun ni ọmọ bíbí Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó gbá họ́kì nínú NHL, ìdíje tí ó ga jù lọ ní Kánádà àti Amẹ́ríkà.

Hope ni ó dàgbà sí, ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ British Columbia ní Kánádà. Ará Odigbo tí ó bá dé ibẹ̀, bí ó bá lè fara da òtútù, yóò rí ohun tí ojú rẹ̀ mọ̀. Oríta ni Hope. Ọ̀nà ńlá tí ó ti Vancouver wá pínyà níbẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ọ̀nà Èkó, Benin, Oǹdó àti Òkìtìpupa ti pàdé ní Ore. Igbó àti igi gẹdú sì yí i ká. Ní Ore, kò ṣòro láti rí ọmọ tí oko kòkó tàbí iṣẹ́ gẹdú gbé bàbá rẹ̀ wá, tí ó jẹ́ pé ìlú tí kò dé rí ni yóò dárúkọ nígbà tí olùkọ́ bá bi í léèrè ìlú rẹ̀. Irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ kò rọrùn fún ọmọ bíi Ndur. Stephen Keshi, adẹ́yìnmú tí gbogbo Nàìjíríà mọ̀, Azare ní ilẹ̀ Bauchi ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1962, ṣùgbọ́n Illah ni ilé baba rẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó bá Illah jiyàn rẹ̀.

Eré náà fẹ́ àlàyé díẹ̀. Ènìyàn 6 ni ikọ̀ kọ̀ọ̀kan máa ń ní lórí yìnyín, aṣọ́lé wà lára wọn. Wọ́n ń wọ bàtà onírin tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n sì ń fi igi gbá rọ́bà dúdú róbótó kan tí ó le bí òkúta. Àwọn 2 ni adẹ́yìnmú. Òfin gbà wọ́n láyè láti fi èjìká kọ lu ẹni tí rọ́bà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí ó bá ja ìjà ẹ̀ṣẹ́ kì í sábà gba káàdì pupa bí ti bọ́ọ̀lù. Ìṣẹ́jú 5 ni yóò fi jókòó sí àhámọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, lẹ́yìn náà yóò padà wọlé.

Ndur ga, ó sì sígbọnlẹ̀. Iṣẹ́ ẹni tí ń gba ìjà ẹgbẹ́ jà ni wọ́n sì gbé fún un. Ọ̀dọ́langba ni nígbà tí ó lọ gbá eré ní Guelph, ní ìpínlẹ̀ Ontario, ibi tí ó jìnnà sí Hope ju ìlọ́po mẹ́ta ọ̀nà Ore sí Sókótó lọ. Ní ọdún 1994, ẹgbẹ́ Buffalo Sabres mú un, òun ni ẹni 69 nínú àwọn tí wọ́n yàn lọ́dún náà. Ìlú Rochester, lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ tí ń tọ́ ọmọ fún Buffalo, ni ó ti dúró de àyè rẹ̀. Lẹ́yìn Buffalo, ó gbá fún New York Rangers. Àpapọ̀ ìdíje rẹ̀ nínú NHL jẹ́ 69. Góòlù 2 péré ni ó jẹ. Ìṣẹ́jú ìjìyà rẹ̀ sì jẹ́ 137.

Ẹni tí ó bá ka góòlù nìkan yóò sọ pé kò ṣe nǹkan kan. Àwọn ará Ore yẹ kí wọ́n lóye rẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Biafra gba Benin ní oṣù Kẹjọ ọdún 1967, tí wọ́n sì kọrí sí Èkó, Ore ni wọ́n ti dá wọn dúró. Láti ibẹ̀ ni Yorùbá ti ń wí pé, “Ó le kú, ìjà Ore.” Iṣẹ́ ìdádúró ni orúkọ ìlú náà fi kọjá ààlà ìpínlẹ̀ rẹ̀.

Ẹlòmíràn tẹ̀ lé Ndur. Okene ni wọ́n bí Akim Aliu sí ní ọdún 1989. Ọmọ Nàìjíríà ni bàbá rẹ̀, ọmọ Ukraine ni ìyá rẹ̀. Ìdíje 7 ni ó gbá fún Calgary Flames. Ní ọdún 2019, ó sọ ní gbangba pé olùkọ́ni kan ti fi àwọ̀ dúdú rẹ̀ bú òun ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá ṣáájú. Olùkọ́ni náà fi iṣẹ́ sílẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀.

Ó dùn mọ́ni láti pe àwọn wọ̀nyí ní ọmọ wa. Ṣùgbọ́n eré tí ń gbọ́n owó òbí gbẹ ni họ́kì: bàtà, ìhámọ́ra, owó pápá. Ìpín àwọn òbí nínú rẹ̀ tóbi ju ti orílẹ̀-èdè tí kò mọ̀ pé ọmọ náà wà.

Ní sáà 1999 sí 2000, nígbà tí Atlanta Thrashers ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, Ndur gbá ìdíje 27 fún wọn. Kò padà sí NHL mọ́. Ó gbá eré ní Austria àti ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ibi tí ọ̀pọ̀ adẹ́yìnmú bíi tirẹ̀ ti ń lo ìyókù agbára wọn.