Iya Kì í Ṣe Ìyá

Nínú ìwé ẹgbẹ́ wa yìí ni a ti ń ka ìròyìn ẹni tí ó bímọ, ẹni tí ó gbéyàwó, àti ẹni tí ó sin òbí rẹ̀. Ó kù díẹ̀ kí ìròyìn kan ti ilé mi wá, tí ẹnikẹ́ni nínú wa kì bá fẹ́ kà. Ọlọ́run kò jẹ́. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó fà á, ìdí rẹ̀ nìyí tí mo fi mú kálàmù.

Akọ̀wé rélùwéè ni mí ní ibùdó Agbor, lójú irin tí ó ti Itakpe lọ sí Warri. Ibẹ̀ ni mo ń gbé láàrin ọ̀sẹ̀. Bí ó bá di Sátidé, mo máa ń wọ mọ́tò wá sílé ní Upper Sakponba, níbi tí ìyàwó mi àti àwọn ọmọ wà. Ìyá tí ó bí mi ń gbé ní òpópó kejì sí tiwa. "Ìyá" ni gbogbo wa ń pè é, àtọmọdé àtàgbà.

Ní Sátidé kan nínú oṣù Keje, lẹ́yìn òjò ńlá, mo wọlé, mo sì bèèrè àkọ́bí mi, ọmọkùnrin ọdún 6. Ìyàwó mi bọ́ síta, ó bi aládùúgbò wa, obìnrin Ẹ̀dó kan tí ó ń ta gààrí, bóyá ó rí ọmọ náà. Obìnrin náà dáhùn pé ó ti bá àwọn ọmọ yòókù lọ sí Iya. Ìyàwó mi padà wọlé tẹ̀ríntẹ̀rín. Ó ní, "Bàbá wọn, ẹ fọkàn balẹ̀, ọ̀dọ̀ Ìyá ló lọ. Ẹ mọ̀ pé Ìyá kì í jẹ́ kó padà wálé láìjẹun." Mo bọ́ bàtà, mo jẹun, mo sì sùn.

Kò tó wákàtí kan, a gbọ́ ohùn Ìyá lẹ́nu ọ̀nà. Ó di àkàrà sínú ìwé lọ́wọ́, ó ní, "Ọkọ mi dà? Tirẹ̀ ni mo gbé wá." Mo wo ìyàwó mi, òun náà wò mí. Kò sí ẹni tí ó lè sọ̀rọ̀ nínú wa.

A sáré tọ aládùúgbò wa lọ. Ó nawọ́ sí ọ̀nà Ring Road, ó tún ọ̀rọ̀ náà sọ: "Iya! Iya!" Nígbà tí ó rí i pé kò yé wa, ó fi ọwọ́ méjèèjì júwe ohun tí ó jìn wọlẹ̀. Ìgbà náà ni ó yé mi. Yàrà àtijọ́ tí ó yí àárín ìlú Bìní ká ni àwọn Ẹ̀dó ń pè ní Iya. Ọdún 4 ni mo ti ń kọjá lára rẹ̀ nínú mọ́tò. Mo mọ̀ ọ́n sí "moat" bí òyìnbó ti ń pè é, ṣùgbọ́n n kò bi onílẹ̀ léèrè rí ohun tí òun ń pè é.

Obìnrin náà fi gààrí rẹ̀ sílẹ̀, ó ṣíwájú wa. A bá àwọn ọmọ náà létí yàrà, wọ́n ń ṣa ìgbín nínú igbó tí ó bò ó. Àwọn tí ó dàgbà nínú wọn ti sọ̀ kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀, níbi tí àgbàrá òjò àti ìdọ̀tí kún. Ọmọ mi dúró létí, lórí ilẹ̀ tí òjò ti rẹ. Bàtà rẹ̀ ẹsẹ̀ kan ti yọ̀ ṣubú, ó sì ń nawọ́ sí i. Ìyàwó mi gbá a lápá mú kí ó tó tún gbé ẹsẹ̀. Kò sí ẹni tí ó farapa. Ṣùgbọ́n aládùúgbò wa jókòó sílẹ̀, ó bú sẹ́kún, ó ń wí pé òun ti sọ fún wa. Òtítọ́ ni, ó ti sọ. Àwa ni a fi etí Yorùbá gbọ́ ọ̀rọ̀ Ẹ̀dó.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ro ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn ọmọ wa tí a bí síbí, kòtò ni wọ́n ń pe gbogbo ohun tí ó bá ti jìn. Bẹ́ẹ̀, àwọn baba wa kò fi orúkọ kan pè wọ́n. Ihò ni ti òkété. Ọ̀fìn ni ọdẹ ń gbẹ́ de ẹran. Ọ̀gbun ni èyí tí ojú kò tó ìsàlẹ̀ rẹ̀. Àfonífojì ni èyí tí Ọlọ́run dá sáàrin òkè méjì, tí ọwọ́ ènìyàn kò gbẹ́. Gọ́tà ni ti ẹ̀bá títì. Yàrà ni èyí tí wọ́n gbẹ́ yí ìlú ká nítorí ogun. Kí ọmọ má sì ṣi ohùn pè é: yàrá ni a ń sùn sí, yàrà ni a ń ṣọ́ra fún. Ẹ̀yin ará Ìjẹ̀bú mọ̀ ọ́n dáadáa, nítorí Erédò Sùǹgbọ́ tí ó wà nílẹ̀ yín, tí gígùn rẹ̀ ju kìlómítà 150 lọ, yàrà ni.

Òyìnbó náà ní tirẹ̀. "Ditch" ni ti ẹ̀bá oko àti ẹ̀bá ọ̀nà. "Trench" ni ti ọmọ ogun, àti ti àwọn tí ń ri páìpù mọ́lẹ̀. "Moat" ni èyí tí ó yí ilé odi ọba ká, omi ni wọ́n sì sábà máa ń jẹ́ kí ó kún un. Ṣùgbọ́n wọn kò gbẹ́ Iya ti Bìní nítorí omi. Wọ́n gbẹ́ ilẹ̀, wọ́n kó erùpẹ̀ rẹ̀ jọ sí apá inú, ó di odi. Ọ̀tá tí ó bá ń bọ̀ yóò sọ̀ kalẹ̀, yóò sì tún pọ́n òkè.

Olóyè Jacob Egharevba kọ ọ́ nínú ìtàn Bìní pé Ọba Oguola ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, tí Ọba Ewuare sì gbẹ́ òmíràn kún un. Ọ̀gbẹ́ni Graham Connah, tí ó wú ilẹ̀ Bìní wò láàrin 1961 sí 1964, wọn èyí tí ó wà ní inú pátápátá. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà 12 yíká. Níbi tí ó ga jù, láti ìsàlẹ̀ yàrà dé orí odi ju mítà 17 lọ. Ilé alájà 5 fẹ́rẹ̀ẹ́ lè fara pamọ́ síbẹ̀. Lóòótọ́, ilẹ̀ ti dí i ní ibi púpọ̀ báyìí, ṣùgbọ́n èyí tí ó kù tó gbé ọmọdé mì. Etí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ni ọmọ mi dúró sí, tí èmi baba rẹ̀ sì ń sùn.

Ẹ̀bẹ̀ mi kò pọ̀. Ní ìpàdé wa, nígbà tí àwọn àgbà bá ń ṣírò owó oṣù, kí ẹnìkan kó àwọn ọmọ jọ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Kí ó kọ́ wọn ní orúkọ ilẹ̀ tí wọ́n ń tẹ̀, bí a ti ń pè é nílé àti bí onílẹ̀ ti ń pè é. A máa ń yangàn pé àwọn ọmọ wa gbọ́ Yorùbá ní ìdálẹ̀, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ orúkọ ohun tí ó lè pa á ní ìlú tí ó ń gbé, àlejò ni títí ayé.

Wọ́n ní ẹni iwájú tí ó jìn sí kòtò, ó kọ́ ti ẹ̀yìn lọ́gbọ́n. Díẹ̀ ni ó kù kí èmi jìn. Ẹ gba ọgbọ́n náà lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́wọ́ mi.

Ní ilé mi báyìí, bí ọmọ náà bá fẹ́ jáde, yóò dúró lẹ́nu ọ̀nà, yóò ní, "Bàbá, ọ̀dọ̀ Ìyá ni mò ń lọ o, kì í ṣe Iya." Ìyá rẹ̀ a ní kí ó tún un sọ. Lẹ́yìn náà ni a tó ṣílẹ̀kùn fún un.