Ibi Tó Dì Gbẹ̀yìn

Ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi àwa ọmọ Ìmọ̀ Ẹ̀dá-Èdè ni pé, "Iṣẹ́ wo lẹ fẹ́ fi ṣe?" Àbúrò mi tó wà ní JSS3 ló fún mi ní ìdáhùn, láìmọ̀.

Ìyá wa ń ta yìnyín ní Ṣúpárè. Inú ọ̀rá ló ti máa ń dì í nínú fírísà. Lọ́jọ́ kan àbúrò mi ní, "Àǹtí, kí ló dé tí ẹ̀gbẹ́ yìnyín fi mọ́ gaara bíi dígí, tí àárín rẹ̀ wá funfun bí ẹfun?"

Ọ̀rẹ́ mi tó ń ka Físíìsì ló là á yé mi. Bí omi bá ń dì, àwọn ẹyọ tíntìntín inú rẹ̀ máa ń tò létòlétò, ohun tí kì í ṣe omi kì í fi bẹ́ẹ̀ ráyè láàárín wọn. Afẹ́fẹ́ àti iyọ̀ inú omi á máa sá lọ síbi tí kò tíì dì. Ìta ló kọ́kọ́ ń dì nínú fírísà, nítorí náà àárín ni wọ́n há sí.

Ó ní ọgbọ́n yìí náà ni wọ́n fi ń ṣe kírísítà tí wọ́n ń gé fi ṣe awò. Percy Bridgman ti Harvard kọ nípa rẹ̀ ní 1925. Donald Stockbarger ti MIT fi ṣe kírísítà lithium fluoride ńláńlá ní 1936. Wọn á yọ́ nǹkan náà nínú ìkòkò tí ìdí rẹ̀ rí ṣóńṣó, wọn á wá máa sọ ìkòkò náà kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti ibi gbígbóná síbi tó tutù jù ú lọ. Ìdí ni yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í dì lọ sókè, ọ̀pọ̀ ìdọ̀tí á sì máa sá níwájú rẹ̀. Ibi tó dì gbẹ̀yìn ni wọ́n kó jọ sí. Wọn á gé e sọnù. Bí wọ́n bá kánjú, ìdọ̀tí á há sínú rẹ̀, ó sì lè sán.

Nígbà tí mo ń sọ ọ́ fún àbúrò mi, mo pè é ní "dídì láti ẹ̀gbẹ́ kan." Kíá ló fèsì: "Tó bá jẹ́ ìsàlẹ̀ nìkan ni fírísà ti ń mú un tutù, òkè ni ibi funfun yẹn máa wà nìyẹn." N kò tíì sọ ìyẹn fún un.

Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ́ ọ ní Basic Science. Ẹ̀yin akẹ́gbẹ́ mi, gbogbo èdè-ìperí tí à ń ṣẹ̀dá, ẹ jẹ́ ká máa fi irú ọmọ yìí dán an wò. Bí ọ̀rọ̀ náà bá jẹ́ kó lè ronú dé ibi tó kàn, ó pegedé. Bó bá kàn ń há a sórí, ká padà lọ wá òmíràn.