Àkọsílẹ̀ Ní Ẹ̀bá Ọ̀nà

Bí a bá ní kí àwọn ọmọ ṣàpèjúwe òpópónà Èkó sí Ìbàdàn tí ó la Ìbàfò já, “Ọkọ̀ pọ̀ níbẹ̀” ni gbogbo wọn ń kọ. Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, mo kó tèmi lọ sí ẹ̀bá ọ̀nà náà, kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n rí lójú ẹsẹ̀. Ọmọbìnrin kan, tí kì í sábà sọ̀rọ̀ ní kíláàsì, kọ pé: “Ìyá oníbúrẹ́dì ń sáré tẹ̀lé ọkọ̀, owó rẹ̀ wà lọ́wọ́ èrò.” Ì bá ṣe pé ó dúró di alẹ́, ìyá náà ì bá ti di “àwọn ọlọ́jà” lásán. Ìwé ìrìn àjò tí Àlùfáà Crowther kọ lórí Odò Ọya ní 1854 pàápàá, ọjọ́ dé ọjọ́ ni. Ọmọ náà ti tọrọ ìwé mìíràn lọ́wọ́ mi.