Ojú Tanímọ̀la

Ewì ni mo ṣèlérí fún olóòtú wa lóṣù yìí, àmọ́ ewì náà kọ̀, kò wá. Ọ̀rọ̀ ajá ló gbà mí lọ́kàn. Ẹ bá mi fara dà á.

Bọ̀ọ̀dá mi ló sọ ajá wa ní Tanímọ̀la. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé òwe ni orúkọ ajá nílẹ̀ wa, aládùúgbò tí wọ́n ń bá wí á gbọ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, dánfó kan tó ń sáré bọ̀ láti Òṣòdì gbá a nítòsí ilé wa ní Ìsọlọ̀, kò tiẹ̀ dúró. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ kan ń fì dirodiro. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló ké. Ó wọ́ ara rẹ̀ lọ sábẹ́ bẹ́ǹṣì tí màmá mi fi ń tajà, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Èmi ọ̀mọ̀wé, mo sáré lọ sí kẹ́míìsì, mo ra ibuprofen, mo lọ̀ ọ́ mọ́ ẹ̀kọ, mo fún un jẹ. Oore ni mo rò pé mo ṣe.

Nígbà tí a gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà ẹranko, ìyá náà bi mí pé kí la ti fún un. Mo sọ. Wọ́n mí kanlẹ̀.

"Oògùn èèyàn lo fún ajá. Ó lè dá egbò sí i nínú, ó sì lè ba kíndìnrín rẹ̀ jẹ́. Meloxicam ni ǹ bá fún un, mi ò wá lè gùn ún lé èyí tó o ti fún un."

Mo ní àmọ́ kò ké, mo rò pé kò fi bẹ́ẹ̀ dùn ún. Wọ́n ní ta ló sọ fún mi pé ajá gbọ́dọ̀ ké? Èyí tó sá pamọ́, tí kò jẹun, tó ń mí lemọ́lemọ́, ó ti sọ̀rọ̀ tán.

Wọ́n fá irun ẹsẹ̀ rẹ̀ iwájú, wọ́n ki ọ̀pá rọ́bà tínńtín bọ inú iṣan ẹ̀jẹ̀, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Wọ́n ní oògùn tó bá gba inú iṣan máa ń tètè ṣiṣẹ́, èèyàn á sì lè máa fi sí i díẹ̀díẹ̀ títí tí yóò fi tó; bí wàhálà bá sì dé, ọ̀nà ti là sílẹ̀. Diazepam àti ketamine ni wọ́n fi sí i. Kò pẹ́ rárá tí orí rẹ̀ fi rọ̀ sórí apá mi. Àmọ́ ojú rẹ̀ là sílẹ̀ kedere, ó ń wò mí.

"Dókítà, kò tíì sùn o!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Bí ketamine ṣe ń ṣe nìyẹn. Ojú á là, àmọ́ kò sí nílé." Wọ́n wá fi ìpara sí ojú náà kó má baà gbẹ. Nígbà tí wọ́n ń to eegun rẹ̀, tí wọ́n ń fi P.O.P. dè é, èmi ni mo di orí rẹ̀ mú. Mi ò lè wo ojú náà, mi ò sì lè má wò ó.

Wọ́n fi oògùn mìíràn hàn mí, propofol, funfun bí ògì. Òróró sóyà àti ohun tó wá láti inú ẹyin wà nínú rẹ̀. Dókítà ẹranko ará Scotland kan, Iain Glen, ló ṣaájú iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ ní iléeṣẹ́ ICI ní àwọn ọdún 1970. Ní 1986 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní ìlú Ọba, ní 2018 ni wọ́n fún Glen ní ẹ̀bùn Lasker. Àbí ẹ ò rí nǹkan? Dókítà ẹranko ló wá oorun fún àwa èèyàn!

"Àmọ́ oorun nìkan ló ń fúnni," ni dókítà wí. "Kò ń pa ìrora. Ketamine ń ṣe méjèèjì. Oorun lọ́tọ̀, ìrora lọ́tọ̀."

Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi lọ́kàn. Nínú kóòsì ìṣẹ̀dá-ọ̀rọ̀ wa ní sẹ̀mẹ́sítà tó kọjá, "akunlóorun" ni mo kọ fún oògùn iṣẹ́ abẹ, mo sì gba 7 nínú 10. Àṣé ìdajì ọ̀rọ̀ ni mo kọ. Máàkì yẹn pọ̀ jù.

Kí a tó máa lọ, wọ́n bi wá bóyá kí àwọn fi oògùn ìrora sí i títí di àárọ̀, pé owó rẹ̀ lọ́tọ̀. Kò lágbára lára ajá bíi ti èèyàn, àmọ́ òun ló wà nílẹ̀: tramadol.

"Tramadol kẹ̀?" ni màmá mi figbe ta. "Èyí tí àwọn ọmọ abẹ́ bíríìjì ń gbé mì?"

Bọ̀ọ̀dá mi wolẹ̀. Àwọn ló ń ru bélì òkìríkà ní ọjà Aswani ní ọjọọjọ́ Túsìdeè, wọ́n á tún ru tiwọn ní Òṣòdì láwọn ọjọ́ yòókù. Lọ́dún tí a rí páálí oògùn yẹn lábẹ́ ìrọ̀rí wọn, a pariwo, a gbàdúrà, a pe pásítọ̀. Kò sẹ́ni tó bi wọ́n pé níbo ló ń dùn wọ́n.

Àwọn ni wọ́n tọwọ́ bọ àpò. "Ẹ fún un, Mà. Mo máa san án."

Ní alẹ́, Tanímọ̀la sùn, ojú rẹ̀ padé. Bọ̀ọ̀dá mi jókòó tì í lórí àkàsọ̀. Mo lọ bá wọn.

"Bọ̀ọ̀dá, èjìká yín ńkọ́?"

Wọ́n wò mí fún ìgbà díẹ̀.

"Ti òsì ni mo fi ń rù ú báyìí."